Wáàtì ni ká kọ́kọ́ kà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo fídíò àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà géèmù lórí YouTube mọ bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà á to páálí mẹ́jọ sórí tábìlì, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ni òun ṣe ti òní fún, pé 500 dọ́là péré ni gbogbo rẹ̀. Kí ìjọba tó fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi N460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní báńkì. 500 dọ́là náà jẹ́ N230,000 nígbà yẹn. Nígbà tí 2024 fi máa dé ìdajì, dọ́là kan ti ń sún mọ́ N1,500, ó sì kọjá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. "Péré" yẹn ti di N750,000. Àgùnbánirọ̀ tó ń gba N77,000 lóṣù, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò wọkọ̀, yóò fi oṣù mẹ́wàá tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló gbé mi dé ibí lónìí. Gbogbo wa la mọ̀ pé owó ò sí. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú gbogbo fídíò tí mo ti wò, n kò tíì rí ọ̀kan tí ẹni tó ń to nǹkan ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tò ó fún pé, "Ṣé iná wà ládùúgbò yín?" Ní tiwọn, ìbéèrè ọ̀hún ò wúlò. Ṣùgbọ́n àwa náà ti kọ́ àṣà wọn. Bí ọ̀rẹ́ bá ní ká bá òun to kọ̀ǹpútà, a ó kọ́kọ́ ka owó, a ó ka iye àwòrán tí yóò máa yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iná ni yóò gbẹ̀yìn. Èmi ní ká yí i padà. Ẹ ka wáàtì ná, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ka owó.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Makutu, ní Ìsánlú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà. Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ Ọ̀kun, ojú ọ̀nà tó ti Kabba gba Mopa, tó kọjá sí Egbe, tó wá wọ Kwara lọ sí Ìlọrin ni ẹ ó ti bá Ìsánlú. Ọ̀rẹ́ mi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sílé, òun àti màmá rẹ̀ jọ ń ṣe oko kaṣú. Owó kaṣú ọdún kan ló kó kalẹ̀ tó ní kí n bá òun to kọ̀ǹpútà tí òun yóò fi máa gbá bọ́ọ̀lù FC, tí òun yóò fi máa ṣe GTA, tí òun yóò sì tún lè fi ṣe flyer fún àwọn tó bá ń ṣe ìnáwó ní ìlú.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí owó kaṣú yẹn díẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kaṣú ń so. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣà á nílẹ̀, wọ́n á já kóró kúrò lára èso, wọ́n á sá a, oníbàárà á wá pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀ àti iye tí òun fẹ́ san. Bí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi owó yẹn rà bá jó ní oṣù keje, kò sí owó mìíràn títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Èmi tí mo lọ ra nǹkan ní Computer Village ní Ìkẹjà, bí káàdì bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, mo lè gbé e padà sí sọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, kí n sì dúró síbẹ̀ títí ojú yóò fi ti onísọ́ọ̀bù. Ẹni tó wà ní Makutu kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ yóò jẹ ohun tó ń wá gbà padà.

Káàdì RTX 3070 ló fẹ́, èyí tó ní fáànù mẹ́ta tó ń tàn yanranyanran. Mo ní rárá. Ó bínú. Ó ní, "Ṣé torí pé abúlé ni mo wà ni?"

Ó tọ́ kó béèrè bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwa ará ìgboro ti ń kó àlòkù ránṣẹ́ sílé, tí a ó ní ó ti tó àwọn ará ibẹ̀. Nítorí náà mi ò fi ọ̀rọ̀ dídùn dá a lóhùn, ìṣirò ni mo fi dá a lóhùn, mo sì ní kó fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù rẹ̀ yẹ̀ mí wò.

RTX 3070 nìkan ń jẹ 220W nígbà tí géèmù bá gbóná. NVIDIA tó ṣe é ní kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó ra power pack 650W. Tí a bá ka ìyókù kọ̀ǹpútà àti ojú rẹ̀ mọ́ ọn, yóò máa fa nǹkan bíi 375W. Ínfátà kan wà nílé wọn, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 12V, 200Ah. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400Wh. Ṣùgbọ́n irú bátìrì olómi bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ kì í lò ó kọjá ìdajì, ó ku 1,200. Ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ó ku bí 1,000. Ẹ pín in sí 375: kò tó wákàtí mẹ́ta, ìyẹn bí wọ́n bá pa gílóòbù, tí wọ́n pa fáànù, tí kò sẹ́ni tó ṣaji fóònù. Kọ̀ǹpútà tí mo ní lọ́kàn fún un kò ní fà ju 175W lọ bí ó bá ń sáré tete. Bátìrì kan náà á gbé e fún wákàtí márùn-ún àtààbọ̀. Bó bá sì jẹ́ flyer ló ń ṣe, kò ní fa ìdajì ìyẹn.

Ẹni tí kò ní ínfátà, "I pass my neighbour" ló ní, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n kọ 650W sí lára. Yóò gbé kọ̀ǹpútà 375W lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí fíríìjì màmá bá ta jí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó gbọ́ bí ohùn jẹnẹrétọ̀ náà yóò ṣe yí padà, ojú kọ̀ǹpútà á sì ṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú yẹn ló ń pa power pack. Àti epo pẹ̀lú: láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní 2023, kò sí ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ tìtorí géèmù tí kò wẹ̀yìn wò kí ìyá rẹ̀ tó dé.

Ìdáhùn yìí kan náà ni mo máa fún ẹni tó ń gbé Mushin tàbí ẹni tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Abúlé kọ́. Iná ni.

Ó wá kù sí ibi tí a ó ti rí kọ̀ǹpútà 175W tó lè ṣe géèmù gidi. Ibi iṣẹ́ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn tí wọ́n bá lé jáde á wọ kọ̀ǹténà, wọ́n á di tòkunbọ̀ ní èbúté Èkó: Dell OptiPlex, HP EliteDesk, Lenovo ThinkCentre. Àpótí dúdú lásán, kò ní gíláàsì, kò ní iná aláràbarà. Ẹni tó bá rí i á rò pé báńkì ni wọ́n ti jí i gbé.

Ẹ má fojú rénà àpótí dúdú yẹn. Nígbà tí GTA V jáde fún kọ̀ǹpútà ní oṣù kẹrin 2015, Rockstar kọ irú ẹ̀rọ tó dára jù lọ kéèyàn fi ṣe é síta. Lára ohun tí wọ́n kọ ni Intel Core i5-3470 àti RAM 8GB. i5-3470 yẹn gan-an ló wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ OptiPlex 7010 tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì káàkiri ayé láti 2012. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ tí kò sí nínú àpótí náà ni káàdì graphics. Ẹni tó bá ti fi káàdì sí i, kọ̀ǹpútà akọ̀wé ti di kọ̀ǹpútà géèmù nìyẹn. Nígbà tí mo fi èyí han ọ̀rẹ́ mi, ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀.

Èmi kò ní ra 7010 fún un lónìí ṣá o. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró, Windows 11 kò sì gba ẹ̀rọ Intel tó ti pẹ́ ju ìran kẹjọ lọ, àfi kéèyàn fi ọgbọ́n wọ́ ọ wọlé. Àwọn géèmù kan pàápàá, bíi Valorant, kì í ṣí lórí Windows 11 bí kò bá rí TPM 2.0. i5-8500 ti ọdún 2018 ni mo wò fún un: ọpọlọ mẹ́fà, 65W, ó sì wà nínú OptiPlex 5060. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ lè ra i5-6500 ti 2015, kó sì mọ ohun tó rà. Nítorí òfin Windows 11 yìí kan náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ń da àwọn àtijọ́ nù wìtìwìtì. Ẹ dúnàádúrà dáadáa.

Àpótí ńlá ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ń pè ní tower. Èyí tó rí pẹlẹbẹ kò gba káàdì tó ga, àfi káàdì kékeré tó ṣòroó rí tó sì wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó kéré bí ìwé ìṣirò kò ní ojú ibi tí a ó ti káàdì bọ̀ rárá, bó ti wù kí onísọ́ọ̀bù ṣe búra tó.

Káàdì ló kù. Ojú ibi tí wọ́n ń ti káàdì bọ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù lè fún un ní 75W láìlo wáyà kankan láti inú power pack. Òun ni ààlà tiwa. GTX 1050 Ti ti ọdún 2016 kò kọjá 75W, ó ní 4GB; GTX 1650 ti 2019 náà kò kọjá 75W, ó sì yára jù ú lọ, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àwọn kan wà lára wọn tí wọ́n ṣe ihò wáyà sí. Power pack inú OptiPlex tí mò ń sọ kò ju 260W lọ, kò sì ní wáyà tí kò níṣẹ́ tí a lè fà fún káàdì ńlá. Ẹ má sì rò pé ẹ ó kàn yọ ọ́ kí ẹ fi ti ọjà sí i: ọ̀pọ̀ nínú àwọn Dell àti HP wọ̀nyí ní ìdí wáyà tó yàtọ̀, tí ti ọjà kò bá mu.

Ibí ni àríyànjiyàn ti máa ń le láàárín àwa tí a ń tò ó. Àwọn kan á ní RX 580 pọ̀ lọ́jà, ó dínwó, ó sì lágbára ju 1650 lọ. Wọn ò purọ́. Nígbà tí Ethereum yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wa owó rẹ̀ padà ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2022, káàdì tí wọ́n ti fi ń wa owó tọ̀sán-tòru di ohun tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó. Ṣùgbọ́n 185W ni RX 580 ń jẹ, ó ju ìlọ́po méjì ti 1650 lọ. Ẹni tí iná ọba kì í lọ nílé rẹ̀ lè rà á. Kó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ kó lọ síbẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Àkọ́kọ́: ẹ tan án, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bíi ìdajì wákàtí níwájú yín. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 rí i pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù àlòkù ẹ̀rọ oníná ló ń wọlé lọ́dún, àti pé nínú èyí tí wọ́n dán wò, ó kéré tán 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé nínú márùn-ún, ọ̀kan ti kú kó tó gúnlẹ̀.

Ìkejì ni bọ́tìnì pupa kékeré tó máa ń wà lẹ́yìn àwọn power pack àtijọ́ kan, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, tiwa jẹ́ 230V. Bí kọ̀ǹpútà bá ti Amẹ́ríkà wá, tí bọ́tìnì yẹn ṣì wà lórí 115, tí ẹ kì í sí iná wa, ẹ ó gbọ́ "tàù!", ẹ ó rí èéfín, owó kaṣú ti lọ nìyẹn. Àwọn tuntun máa ń mọ̀ fúnra wọn, wọn kò ní bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ kàn án, kí ẹ fi ojú rí i.

Ìkẹta, ẹ bá mi gbé GPU-Z sórí flash. Ọ̀fẹ́ ni, kékeré ni. Àwọn ayédèrú káàdì wà tí wọ́n fi GTS 450 àtijọ́ ṣe, tí wọ́n yí orúkọ inú rẹ̀ padà di GTX 1050 Ti. Windows gan-an á gba irọ́ wọn gbọ́. GPU-Z kì í sábà gbà á, yóò kọ ọ́ síwájú orúkọ pé ayédèrú ni. Onísọ́ọ̀bù tó bá kọ̀ pé kí ẹ má ki flash yín sí kọ̀ǹpútà òun, ẹ kí i pé "ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n," kí ẹ máa lọ.

Bí mo bá ní N100, èmi ò ní ná gbogbo rẹ̀ sórí àpótí àti káàdì. N20 nínú rẹ̀ jẹ́ ti iná: sitẹbiláísà tó dára, tàbí UPS tí yóò fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti pa á bó ṣe yẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ tí mo sọ èyí fún máa ń ní ó pọ̀ jù. Wọ́n á mú N20 yẹn lọ ra RAM tó ń tan iná. Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó ku ti data. GTA V nígbà tó jáde ti fẹ́ 65GB lórí díìsìkì, ó sì ti sanra sí i láti ìgbà náà. Láti ìgbà tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdajì kún owó wọn, ẹni tó bá fẹ́ fa 65GB lórí fóònù ní Makutu yóò tún ta kaṣú mìíràn. Fún ìdí èyí, bí ẹ bá ń tò ó nílé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín ra géèmù rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, kí ẹ fà á sílẹ̀ lórí Wi-Fi ibi tí ẹ wà, kó wà nínú SSD kí kọ̀ǹpútà tó wọ mọ́tò. Ẹ fi fóòmù tàbí aṣọ wé e dáadáa, kí ẹ yọ káàdì graphics kúrò kí ẹ fi sínú páálí tirẹ̀. Àwọn kòtò ojú ọ̀nà wa kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti àpò iṣu.

Mo mọ àtakò tó lágbára jù: kí ló dé tí kò ra alágbèéká? Alágbèéká ní bátìrì tirẹ̀, kì í jẹ iná púpọ̀. Òótọ́ ni, bí kò bá sí ínfátà nílé wọn rárá, alágbèéká ni ǹ bá ní kó rà, tí yóò gbàgbé GTA. Ṣùgbọ́n alágbèéká géèmù tòkunbọ̀ ti gbóná fún ọdún mẹ́rin kó tó dé ọwọ́ yín, káàdì rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù. Bó bá kú, gbogbo rẹ̀ ló kú. Ti orí tábìlì, bí RAM bá kú, RAM nìkan la ó rà. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí lè yọ ọ́, ó lè fi òmíràn sí i. Àwọn tó ń sọ pé kó ra PS4 ní tiwọn gbàgbé pé PS4 kì í ṣe flyer.

Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé géèmù ń fi àkókò àgbẹ̀ ṣòfò, kó lọ bá àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi sọ ọ́ ná.

Ohun kan tí mi ò gbà rárá ni kí a to kọ̀ǹpútà tán, kí a dì í, kí ọ̀rẹ́ kàn wá gbé e bí ẹni gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀. Kó wà níbẹ̀. Òun ni kó di síkúrúdíráfà mú, òun ni kó ti káàdì bọ̀ títí yóò fi dún "kẹ́tẹ́." Bí eruku ẹ̀ẹ̀rùn bá dí fáànù rẹ̀ ní Makutu, èmi kọ́ ni yóò wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá sí Ìlọrin fún ọjọ́ méjì tìtorí èyí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú u tó sì tún un tò, ìkẹta ò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ní ti owó iṣẹ́, ẹ má fi èrè pamọ́ sínú iye tí ẹ pe nǹkan fún ọ̀rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gba owó, ẹ dárúkọ rẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà, kí ẹ sì fún un ní gbogbo rìsíìtì. Èmi gba owó ọkọ̀ Ìkẹjà àti ti oúnjẹ ọjọ́ kan. Rìsíìtì mẹ́fà ló kó lọ sílé, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ìlẹ̀kùn àpótí náà.